Nígbà tí Àyè Bá Tán Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Sún Ààlà Ìpín Dísìkì Láìpàdánù Ẹrù Inú Rẹ̀

Àṣamọ̀

Kọ̀ǹpútà ti di àpótí ìṣúra fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ wà. Inú rẹ̀ ni máàkì àti iṣẹ́ àṣekágbá wà. Nígbà tí àyè bá tán nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ìkánjú a máa mú kí ènìyàn pa ohun tí kò ṣe é rọ́pò rẹ́. Nínú bébà yìí, a ṣàlàyé bí a ṣe ń pín dísìkì lórí ẹ̀rọ tó ń lo Linux, bí a ṣe ń mọ ohun tó jẹ àyè tán, àti bí a ṣe ń sún ààlà ìpín. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé ìtòtẹ̀léra ìgbésẹ̀ ló ń dáàbò bo ẹrù. A tún gbé ìdánrawò kan kalẹ̀ tí olùkọ́ lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìfọwọ́ kan ìpín dísìkì gidi.

Ìfáárà

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mọ sórí pátákó àti ẹfun mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ẹkún ìyàwó tàbí oríkì orílẹ̀ yóò gbé fóònù lọ bá ìyá àgbà kan ní abúlé, yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì gbé e wá fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, gbogbo ohùn wọ̀nyí a máa kó jọ sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní èdè Ígbò, Haúsá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, tí a jọ pé jọ sí Umunya ní ojú ọ̀nà Enugu sí Onitsha yìí, náà ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé.

Ó yẹ kí a mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kì í gba àyè. Lóòótọ́, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà máa ń mú kí ọ̀rọ̀ Yorùbá gba àyè ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: lẹ́tà e lásán gba báìtì 1, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn òkè lórí gba báìtì 5 nínú ìlànà UTF-8. Síbẹ̀, kódà bí gbogbo lẹ́tà inú àròkọ kan tó ní 20,000 lẹ́tà bá gba báìtì 5, àpapọ̀ wọn kò ju 100,000 báìtì lọ. Ohùn ni ẹrù gidi. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àwo CD máa ń gba 176,400 báìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 635MB. Ọgọ́rùn-ún wákàtí sì ju 63GB lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ogún bá gba wákàtí márùn-ún márùn-ún sílẹ̀, ọdún kan ṣoṣo ti kó ọgọ́rùn-ún wákàtí dé.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sójú pé "No space left on device", ìyẹn ni pé àyè ti tán. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ láti orí èyí tó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ohùn ló máa ń tóbi jù. Àwọn mìíràn á ka ìdajì ìtọ́ni, wọ́n á sì ki ọwọ́ bọ inú ìpín dísìkì. Yálà ti àkọ́kọ́ tàbí ti ìkejì, ohùn ẹni tó ti di ẹni ilẹ̀ lè parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú dísìkì pàápàá, ẹyin ni.

Ìdí nìyí tí a fi kọ bébà yìí, tí a sì fi Yorùbá kọ ọ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tó jáde ní 1990, fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ṣì ń dúró dè wá. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé nǹkan ní èdè tó mọ̀ jù yóò kàn máa ṣe àdàkọ àṣẹ tí kò yé e ni, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé.

Dísìkì, ìpín àti ètò fáìlì

Ìlànà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Unix, tí àwọn òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1969. Ní 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, gbé Linux jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi Unix, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2004, Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Ubuntu jáde lórí Linux. Nítorí pé a kì í sanwó fún un, ó dára fún yàrá kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ wé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti rìn nínú ọjà Onitsha, tàbí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti rí bí oníṣọ̀wò ṣe ń pe káfíńtà kí ó fi pákó pín ṣọ́ọ̀bù kan sí méjì tàbí mẹ́ta. Pátíṣọ̀n ni àwọn káfíńtà ń pe pákó náà. Dísìkì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìpín ni yàrá kọ̀ọ̀kan tí pátíṣọ̀n là sọ́tọ̀. Ètò fáìlì ni pẹpẹ tí a kàn sínú yàrá, tí a ń to ẹrù sí, pẹ̀lú ìwé tí a kọ ipò ẹrù kọ̀ọ̀kan sí. Ìyàtọ̀ yàrá sí pẹpẹ yìí ni ó yẹ kí a dì mú ṣinṣin. Ohun ọ̀tọ̀ ni kí a sún ògiri, ohun ọ̀tọ̀ ni kí a fa pẹpẹ gùn. Ẹni tó bá sún ògiri láìfa pẹpẹ gùn yóò rí yàrá ńlá, ṣùgbọ́n ẹrù kò ní rí ibi jókòó.

Láti inú èyí ni òfin kan ṣoṣo tí bébà yìí dúró lé lórí ti jáde: pẹpẹ kò gbọdọ̀ gùn ju yàrá lọ nígbà kankan, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, bí a bá ń mú ìpín fẹ̀ sí i, ògiri ni a ń kọ́kọ́ sún, kí a tó fa pẹpẹ gùn. Bí a bá ń dín ìpín kù, pẹpẹ ni a ń kọ́kọ́ gé kúrú, kí a tó sún ògiri wọlé. Ẹni tó bá yí i padà ti fi ògiri la àárín ẹrù kọjá.

Àṣẹ tó ń fi ìpín hàn ni:

lsblk -f

Ẹ jẹ́ kí a ní kọ̀ǹpútà ẹ̀ka kan lọ́kàn, èyí tí dísìkì rẹ̀ jẹ́ 500GB. Nǹkan bí 465G ni lsblk lásán, láìsí -f, yóò kọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jí ìyókù: ẹni tó ta dísìkì ń ka gígábáìtì ní 1,000 lọ́nà 1,000 lọ́nà 1,000, ẹ̀rọ sì ń kà á ní 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024. Ka ní ìpín mẹ́rin ló wà níbẹ̀. sda1 kékeré ni ẹ̀rọ fi ń jí. sda2 jẹ́ 40G. Òun ni gbòǹgbò, tí a ń kọ ní / lásán, ibi tí Linux fúnra rẹ̀ ń gbé. sda3 jẹ́ 100G, tí a ti lò rí fún nǹkan mìíràn, tó sì ṣófo báyìí. sda4 ni ìyókù, tí a so mọ́ /home, níbi tí iṣẹ́ olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ wà. Gbòǹgbò kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n 100G ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, báyìí ni ọ̀rọ̀ máa ń rí. Dísìkì kò kún. Yàrá kan ló kún.

Kí ló jẹ àyè náà tán?

Kí a tó pe káfíńtà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú yàrá. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni:

df -h

Yóò fi ìpín kọ̀ọ̀kan hàn, ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó ti lọ àti èyí tó kù. Bí gbòǹgbò bá ti dé 100%, a ó wá ẹni tó jẹ ẹ́:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

Èyí yóò to àwọn fódà láti orí kékeré dé orí ńlá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni èyí tó jẹun jù yóò wà. Lẹ́tà x inú àṣẹ náà ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe ré kọjá sínú ìpín mìíràn.

Nínú gbòǹgbò, pàǹtí ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Àkójọ àwọn ohun tí a ti fi sórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ máa ń wà ní ìpamọ́ láìnídìí. sudo apt clean yóò gbá a dànù. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú ẹ̀rọ a máa ga bí òkìtì ọ̀gán; sudo journalctl --vacuum-size=200M yóò gé e kù sí 200M. Nígbà mìíràn, a ti pa fáìlì ńlá kan rẹ́, ṣùgbọ́n àyè kò padà, nítorí pé púrógíráàmù kan ṣì dì í mú. Bí a bá pa ẹ̀rọ kí a sì tún un tàn, àyè náà yóò yọjú.

Ohun méjì mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn. Èkíní ni pé àyè lè wà, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ kọ̀ láti gba fáìlì tuntun. Ètò fáìlì ext4 ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí iye ìlà rẹ̀ ti wà láti ọjọ́ tí a ti dá a. Bí fáìlì kéékèèké bá pọ̀ jù, ìlà á tán kí àyè tó tán. Àṣẹ df -i ló ń fi èyí hàn. Ìkejì ni pé ext4 máa ń fi 5% àyè pamọ́ fún alábòójútó ẹ̀rọ nìkan. Nínú ìpín 300GB, 15GB nìyẹn. Nínú gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí alábòójútó lè wọlé tún nǹkan ṣe nígbà tí yàrá bá kún. Ṣùgbọ́n nínú ìpín tí a ń kó ohùn sí, a lè dín in kù sí 1%:

sudo tune2fs -m 1 /dev/sda4

Bí a bá ti gbálẹ̀ tán tí àyè sì ti tó, ẹ jẹ́ kí a dúró síbẹ̀. Bákan náà, bí ẹrù kan bá wà nínú gbòǹgbò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó rọrùn láti kó o lọ sí /home ju kí a wó ògiri lọ. Ògiri tí a kò wó kò lè wó lulẹ̀ lé wa lórí.

Ẹ̀dà ṣáájú ohun gbogbo

Bí ó bá wá di dandan kí a sún ààlà, ẹ̀dà ni ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ̀dà tí a ń wí kì í ṣe èyí tó wà nínú ìpín mìíràn lórí dísìkì kan náà, nítorí bí dísìkì bá kú, ìpín gbogbo ló kú. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì ọ̀tọ̀ tí a lè yọ kúrò lára ẹ̀rọ, tí a sì lè gbé sí ilé mìíràn.

Onitsha tí a wà nítòsí rẹ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ kan fún wa lórí èyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 títí dé àwọn ọdún 1960, àwọn òǹtẹ̀wé ìlú náà gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé pẹlẹbẹ jáde: ìtàn ìfẹ́, eré oníṣe, ìmọ̀ràn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ba ọjà náà jẹ́ gidigidi, ó sì dojú iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà bolẹ̀. Bí a bá ṣì lè ka àwọn ìwé wọ̀nyí lónìí, tí àwọn onímọ̀ ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ lé wọn lórí, ó jẹ́ nítorí pé ẹ̀dà wọn ti kúrò ní Onitsha kí ogun tó dé. Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà wà lára ibi tí wọ́n ti kó wọn jọ. Ilé tó tẹ ìwé lè jó; ẹ̀dà tó wà ní ilé mìíràn kò ní jó.

Ka ní a ti so dísìkì ìta mọ́ ẹ̀rọ ní /media/eda, tí òun náà sì ń lo ext4. Àṣẹ tí a ó fi ṣe ẹ̀dà ni:

sudo rsync -aHAX /home/ /media/eda/home/

Bí a bá tún àṣẹ náà pè lẹ́yìn náà, ohun tó bá yí padà nìkan ni yóò dà kọ. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣí fáìlì mélòó kan láti inú ẹ̀dà náà, kí a gbọ́ ohùn inú wọn. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni.

Fífẹ̀ ìpín: ògiri kọ́kọ́, pẹpẹ tẹ̀lé e

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà wa. sda2 ti kún. Sda3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. A ti ṣe ẹ̀dà. A ti tún wo lsblk -f lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dá wa lójú pé sda3 ni a fẹ́ pa, kì í ṣe sda4. Kí ẹlòmíràn bá wa wo nọ́ńbà náà kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀rọ kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

sudo parted /dev/sda rm 3
sudo growpart /dev/sda 2
sudo resize2fs /dev/sda2

Àṣẹ kìíní wó ògiri sda3. Àṣẹ kejì sún ògiri sda2 síwájú títí dé ibi tí sda4 ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ kẹta fa pẹpẹ gùn dé ògiri tuntun. Bí a bá tún df -h pè, gbòǹgbò yóò ti di nǹkan bí 140G. Ètò fáìlì ext4 gbà kí a fa pẹpẹ gùn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, a kò sì ní láti pa ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé XFS ni ìpín náà ń lò, xfs_growfs ni àṣẹ kẹta yóò jẹ́, orúkọ ibi tí a so ìpín mọ́ ni yóò sì tẹ̀lé e.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí rọrùn nítorí pé àyè òfìfo wà ní ẹ̀yìn sda2 gan-an, ní ìhà tí ìpín náà parí sí. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ni òfìfo náà wà, tàbí lẹ́yìn sda4, a ní láti kó gbogbo ẹrù inú ìpín kan láti ibi kan sí ibòmíràn kí ààlà tó lè pàdé. GParted, tó ní àwòrán tí a lè fi máọ̀sì fà, lè ṣe èyí bí a bá fi fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ jí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì ṣe é dá dúró lágbede méjì.

Dídín ìpín kù: pẹpẹ kọ́kọ́, ògiri tẹ̀lé e

Dídín kù ló léwu jù. Ka ní a fẹ́ dín sda4 kù láti nǹkan bí 325G sí 200G, kí a lè fi ìyókù ṣe yàrá ọ̀tọ̀ fún ohùn àwọn àgbà, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè fi fíìmù kún. A kò lè gé pẹpẹ tí ẹrù ń gorí rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ext4 ní láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó dín in kù. Ó dára jù kí a fi fláàṣì jí ẹ̀rọ, kí a sì rí i pé /dev/sda4 kò sí lára ohun tí a so mọ́ ẹ̀rọ.

sudo e2fsck -f /dev/sda4
sudo resize2fs /dev/sda4 190G
sudo parted /dev/sda unit GiB print
sudo parted /dev/sda unit GiB resizepart 4 341
sudo resize2fs /dev/sda4

Àṣẹ kìíní yẹ pẹpẹ wò bóyá ó dúró dáadáa. Ìkejì gé e sí 190G, a mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú díẹ̀ ju ibi tí ògiri yóò dúró. Ìkẹta fi hàn wá ibi tí sda4 ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ó jẹ́ nǹkan bí 141. Ìkẹrin sún ògiri wọlé. Ìkarùn-ún fa pẹpẹ padà gùn kí ó lè kan ògiri.

Ọ̀fìn kan wà nínú àṣẹ kẹrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń já sí. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé resizepart kì í ṣe ìwọ̀n ìpín. Ibi tí ìpín yóò parí sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì ni. Ẹni tó bá kọ 200 síbẹ̀, tó rò pé 200G ni òun fún sda4, yóò ti gbé ògiri kalẹ̀ sí nǹkan bí 59G láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpín náà, nígbà tí pẹpẹ 190G ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ lè kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ẹrù lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a má kọ nǹkan kan sórí dísìkì náà mọ́. Bí a bá tètè dá ògiri padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ẹrù lè ṣì wà níbẹ̀ láìfọ́.

XFS kò ṣe é dín kù báyìí. Bí ìpín bá wà lórí XFS tí a sì fẹ́ kí ó kéré sí i, a ó kó ẹrù jáde, a ó tún ìpín dá, a ó sì kó ẹrù padà. Ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà sí ẹ̀ka yẹ kí ó mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀.

LVM: yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣe é gbé

Gbogbo wàhálà òkè yìí wá nítorí pé ìpín gbọ́dọ̀ wà ní ojú kan ṣoṣo lórí dísìkì, láìjákù. Linux ní ọ̀nà kan tí a ń pè ní LVM tó yanjú èyí. Nínú LVM, a ó kó àyè dísìkì kan tàbí méjì jọ sínú àpò kan. Láti inú àpò náà ni a ó ti máa bu àyè fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Àyè tí a bù kò ní láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kódà ó lè wá láti orí dísìkì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bí a bá fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ, ó máa ń bi wá bóyá a fẹ́ LVM.

Bí àyè bá kù nínú àpò, àṣẹ kan ṣoṣo ló ń fẹ yàrá lójú:

sudo lvextend -r -L +20G /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv

Lẹ́tà r inú rẹ̀ ló ń sọ pé kí ó sún ògiri kí ó sì fa pẹpẹ gùn lẹ́yìn náà, ní ìtòtẹ̀léra tó tọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má pín gbogbo àyè tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ní àgbàdo tó fi gbogbo rẹ̀ jẹ kò ní rí èyí tí yóò gbìn. Kí a fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó tó o lónìí, kí a sì jẹ́ kí ìyókù wà nínú àpò.

Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná

Àwọn ìwé ìtọ́ni tí wọ́n kọ ní ìlú òkèèrè kì í tẹnu mọ́ èyí tó, ṣùgbọ́n àwa mọ ìlú tí a ń gbé. Bí iná bá lọ nígbà tí resize2fs ń kó ẹrù láti ibi kan sí ibòmíràn, pẹpẹ lè fọ́ sí méjì. Fífẹ̀ máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Dídín kù àti ìṣípòpadà lè gba wákàtí. Nítorí náà, kí a lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, tàbí kí a so tìdúró mọ́ ínfátà tí a ti gba agbára sí kún. UPS tó ń gbé iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti pa ẹ̀rọ. Kò tó láti sún ààlà. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kù díẹ̀.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ kò ṣe, ọkàn kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè fi dísìkì kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ìdánrawò. Linux fún wa ní ọ̀nà àbáyọ: a lè dá fáìlì kan tí ẹ̀rọ yóò kà sí dísìkì.

truncate -s 500M idanwo.img
mkfs.ext4 idanwo.img
sudo mount -o loop idanwo.img /mnt
df -h /mnt

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó fáìlì díẹ̀ sínú /mnt gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Lẹ́yìn náà, yóò tú u sílẹ̀, yóò sì mú un fẹ̀ sí i:

sudo umount /mnt
truncate -s 1G idanwo.img
e2fsck -f idanwo.img
resize2fs idanwo.img

truncate ni ògiri, resize2fs ni pẹpẹ. Kí ó tún so ó, kí ó wo df -h, kí ó sì rí i pé ẹrù rẹ̀ kò sọnù. Lẹ́yìn náà, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó dín in kù: e2fsck -f, resize2fs idanwo.img 300M, kí truncate -s 300M tó tẹ̀lé e. Ní ìparí, kí olùkọ́ ní kí ó ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ìtòtẹ̀léra padà lórí ẹ̀dà yìí: kí ó fi truncate gé e sí 200M láìkọ́kọ́ lo resize2fs. Nígbà tó bá fẹ́ so ó padà, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, nítorí pẹpẹ ti gùn ju yàrá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí èyí lójú ara rẹ̀ lórí fáìlì tí kò ní láárí kò ní tètè ṣe é lórí dísìkì tí ohùn ìyá àgbà wà.

Iṣẹ́ yìí kò gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, kò sì gba owó. Olùkọ́ lè ṣe é ní èdè yòówù tó bá fẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ Ígbò tàbí Haúsá lè wá àfiwé ti wọn láti inú ilé wọn; àṣẹ kò yí padà.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

A ti rí i pé kí àyè tán kò túmọ̀ sí pé dísìkì kún. Yàrá kan ló máa ń kún. A ti rí i pé gbígbá pàǹtí ló yẹ kó ṣáájú sísún ògiri. A sì ti rí i pé òfin kan ṣoṣo ló bo gbogbo àṣẹ tó kù: pẹpẹ kò gbọdọ̀ gùn ju yàrá lọ.

Nítorí náà, a dá àbá wọ̀nyí. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè kọ̀ọ̀kan ní dísìkì ìta méjì, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí èkejì wà ní ilé mìíràn, kí a sì máa ṣe ẹ̀dà ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Kí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ìpín tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí gbòǹgbò. Kí a lo LVM lórí ẹ̀rọ tuntun, kí a sì fi àyè sílẹ̀ nínú àpò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún ààlà láìsí ẹnì kejì tí yóò bá a ka nọ́ńbà. Kí ìdánrawò tí a gbé kalẹ̀ wọ inú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ NCE ń ṣe, kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Dísìkì tuntun wà lọ́jà. Bí owó bá wà, a ó rà á. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó sun ẹkún ìyàwó fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò sí lọ́jà. Bí ohùn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó mọ iyì rẹ̀.